Alágídí Kì í Ké Àfi Tí Mo Bá Jáde

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri àdúgbò wa ní Muṣin pé mo ń gé ahọ́n ewúrẹ́ fún àwọn olóògùn owó. Irọ́ ni. Ahọ́n Alágídí, ewúrẹ́ tí mo ń tọ́jú, pé lẹ́nu rẹ̀. Iṣan kan ní ọrùn rẹ̀ ni wọ́n gé nílé ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yaba, iṣan tó ń darí tán-án-ná — awọ méjì inú ọ̀fun tí ohùn ti ń jáde. Dókítà Beulah rán iṣan náà padà, ó fi oògùn sí i. Láti ìgbà ọyẹ́ la ti ń dúró bóyá ohùn á padà.

Irú iṣan yẹn ló bàjẹ́ lára Àǹtí Jemilat nígbà tí wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni, òun ló tọ́ mi láti abúlé. Tẹ́lẹ̀, tó bá ń polówó aṣọ lọ́jà Tejúoṣó, ìlà kejì á gbọ́. Ní báyìí, àtẹ́wọ́ ló fi ń pe oníbàárà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gba iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́rú, 4

Ọjọ́ gbígba ohùn. Alágídí kì í ké fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fi fídà tọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú — àfi tí mo bá jáde kó tó ké. Iṣẹ́ mi nìyẹn: kí n jáde. Máìkì wà lókè orí rẹ̀. Mo jáde. Afẹ́fẹ́ lásán. Lójú kọ̀ǹpútà, ohùn tó yè máa ń rí bí àkàsọ̀, ìlà lórí ìlà. Tiẹ̀ rí bí kùrukùru.

Ọjọ́ Ẹtì, 6. Iléyá.

Mo gbé ẹran lọ fún Ìyá Ẹ̀bùn, aládùúgbò wa ní ojúlé kejì. Ó ní, "Ẹran ọwọ́ ẹ yìí, ahọ́n ẹ̀ ńkọ́?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwo padà bó ṣe lọ. Àǹtí fẹ́ bú wọn — èémí ló jáde. Ó gbé àga síta, ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn wọn, ó jẹ ẹran yẹn tán, ó ń wò wọ́n.

Ọjọ́rú, 11

Àkàsọ̀! Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fọ́ lápá kan, àmọ́ ó wà. Mo fò sókè. Bàbá Géètì — Theophilus tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwádìí — ní kí n rọra, kí n má ké ju ewúrẹ́ lọ.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí ohùn bá ti pé, wọ́n á pa á, wọ́n á la ọ̀fun rẹ̀ láti mọ̀ bóyá iṣan ló so padà, àbí tán-án-ná apá kejì ló ń bá a ṣe é. Láìsí ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbà kí wọ́n dán an wò lára èèyàn. Mo ní ṣé kò sí ọ̀nà míì.

"Kò sí, Rilwan. Mi ò ní parọ́ fún ẹ."

Ọjọ́bọ̀, 12

Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́rú, 18

"Rilwan, jáde." Mi ò jáde. Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá. Alágídí ń jẹ kọ́là ẹ̀wù mi, kò ké. Dókítà dúró títí. Ó pa ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Mo sọ fún Àǹtí. Ó fa etí mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni màá dalẹ̀ Alágídí. Ó sún mọ́ mi kí n lè gbọ́: "Wọ́n lè má fi wo èmi sàn rárá. Ṣùgbọ́n o rí mi lọ́jọ́ Iléyá."

Ọjọ́rú, 25

Mo jáde.

Ó pè mí. Ohùn kíkún, èyí tó fi ń pè mí kó tó mọ koríko jẹ. Mo di ilẹ̀kùn mú níta. Ó tún pè mí. Ó tún pè mí. Mi ò wọlé. Nínú yàrá, ẹnì kan pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 26

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pa á. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Kò bẹ̀rù — èmi ló rí.

Iṣan ti so. Ó tín-ín-rín bí òwú.

Ọjọ́ Àìkú, 29

Ìyá Ẹ̀bùn ní mo ti tà á fún alásun. Kó máa sọ.

Mo ń ka àwọn tó dúró tì mí. Àǹtí, tó jẹ ẹran. Bàbá Géètì, tó bá mi gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin Alágídí sí, tí ò ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Dókítà, tí ò parọ́. Ẹ̀kẹrin pè mí, mo di ilẹ̀kùn mú.