Okùn Tí Mo Gé

Kouloundè, Sokodé, Oṣù Kẹjọ 1994

Ẹ̀gbọ́n mi Àdìsá,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Faransé lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́, wọ́n ti wa iṣu tuntun. Àmínà ìyàwó mi ti bí obìnrin.

Ilé eré gígun ògiri tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ṣì ń ṣí. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti já owó sefa wálẹ̀, onílé ti fowó lé owó ilé, igi ìdìmú tí káfíńtà ń kàn mọ́ ògiri sì ti di góòlù.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí: mo ti gé okùn tí ẹ fi ránṣẹ́, èyí tí àwọn tó ń gun ògiri ń so mọ́ ìbàdí. Olùkọ́ iléèwé kan tó wá gùn já bọ́ láti òkè pátápátá. Okùn gbà á dúró, kò fara pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ tọ okùn náà, ibì kan ti rọ̀ nínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ńṣe là ń gé irú ẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà fi gùn.

Màmá ò gbà. Wọ́n ní, "Sàká, okùn tí ẹ̀gbọ́n ẹ fún ẹ lo fọ̀bẹ gé? Ṣé o fẹ́ gé ẹ̀gbọ́n ẹ kúrò lára ẹ ni?" Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí okùn mìíràn bá ṣòroó rà, mo lè dúró. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí Màmá pé ẹ ò bínú. Wọ́n ti kó abala okùn méjèèjì lọ sílé ní Kambolé, wọ́n so wọ́n pọ̀, òun ni wọ́n fi ń fa omi ní kànga. Àbúrò wa Àìná ní bí kókó ibi tí wọ́n ti so ó bá ti kan ọwọ́ Màmá, wọ́n á pe orúkọ yín, wọ́n á wá pe tèmi.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kó tú.

Àbúrò yín,
Sàká