Ọjọ́ Ọjà Ni Mo Jẹ́ Kó Mú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, àmọ́ kẹ́ ẹ tó bú mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi tán. Inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn pọ̀ mọ́ ọn… mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe mọ́.

Public health ni mò ń kà nílé ìwé kan lágbègbè Ìkẹ́nnẹ́ níbí. Nígbà tá a gba holiday gígùn, wọ́n mú èmi àti ọmọ kíláàsì mi kan fún internship, ẹ jẹ́ ká pè é ní Bísọ́lá. Iṣẹ́ wa ni pé ká máa lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìpara, ká máa yẹ BP àwọn àgbàlagbà wò, ká wádìí ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru tí ará ìlú ń rí oògùn ẹ̀ lò fi ń pa ará oko. Abúlé ìyá àgbà mi ni. Bísọ́lá ò gbọ́ Rẹ́mọ rárá, kò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbẹ̀. Èmi ni mò ń kúnlẹ̀, èmi ni mò ń bẹ àwọn ìyá kí wọ́n na apá, èmi ni mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ́wọ́ pé àwọn máa ń gé oògùn sí méjì kó lè pẹ́… Ọjọ́ tá a wá ṣe presentation, Bísọ́lá kó gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ bíi pé òun ló wá a rí. Supervisor bi í pé, èmi ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Interpreter mi nìyẹn." Èmi! Òun ni wọ́n ní kó máa bá iṣẹ́ náà lọ. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí mo fi dé Ìperu.

Àwọn kan tó gbọ́ ìwádìí yẹn fẹ́ máa gbé oògùn ọ̀fẹ́ wá fún àwọn ará abúlé ìyá àgbà mi, wọ́n sì ń bọ̀ wá wo abúlé náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bísọ́lá ló mú ọjọ́. Ó bi mí lórí WhatsApp pé dear, ṣé ọjọ́ yẹn dáa? Mo ka ọjọ́ náà wò, ọjọ́ ọjà abúlé yẹn gan-an ni! Bí ọjọ́ ọjà bá pé, kò sí àgbàlagbà tó ń jókòó sílé níbẹ̀, láti ìdájí ni wọ́n ti ń ru ẹ̀gẹ́ jáde, ajá nìkan ló ń ṣọ́lé. Mo fèsì pé ó dáa gan-an. Kí n má parọ́, ẹ̀rín ni mò ń rín. Kó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò ẹ̀, kó máa bá ajá sọ̀rọ̀, kó wá interpreter. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Àfi lánàá tí mo lọ kí ìyá àgbà mi… Wọ́n ti gbọ́ pé oògùn ń bọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ṣí agolo tí wọ́n ń tọ́jú oògùn tiwọn sí hàn mí, ààbọ̀ kan péré ló kù níbẹ̀. Àwọn àlejò yẹn sì ti sọ pé báwọn ò bá rí èèyàn, abúlé míì làwọn máa gbé e lọ.

Bí mo bá ní kí Bísọ́lá yí ọjọ́ padà, òun náà ni wọ́n á tún pàtẹ́wọ́ fún. Mi ò tíì pè é o. Ṣé kí n pè é? Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kò sí bí mo ṣe lè fìyà jẹ ọmọ yìí tí kò ní kan ìyá àgbà mi?