Bẹ́ńṣì Ìyá Ṣọlá lọ́sàn-án

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Agbowó.

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà àti ẹyin sísè láàárọ̀ dípò búrẹ́dì. Olùkọ́ wa ló sọ ní kíláàsì pé oúnjẹ amúaradàgbà kì í jẹ́ kí ebi tètè pa obìnrin, pé bí a bá sì ń rù, kì í jẹ́ kí iṣan ara wa rù pẹ̀lú. Mo ti rù gan-an láti ìgbà tí mo ti dé Ìbàdàn.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tẹ́lẹ̀, kó tó di aago méjìlá, inú mi á ti máa kùn, màá sáré lọ sí búkà Ìyá Ṣọlá, màá fún ara mi mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa lórí bẹ́ńṣì. N kì í sọ̀rọ̀. Mo kàn ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní báyìí, ebi kì í pa mí títí di ìrọ̀lẹ́. Yàrá ni mo ń jókòó sí. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀...

Àfi lónìí tí mo pàdé Bísí, ọmọ kíláàsì wa, lórí àtẹ̀gùn.

"Àwé, ṣé ààwẹ̀ lò ń gbà ni? A ò rí ẹ ní búkà mọ́."

"Ebi ò pa mí ni."

"Ta ló bi ẹ́ ní ti ebi? Báàgì Káyọ̀ la fi ń gba àyè rẹ sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì látọjọ́ yìí."

Mi ò mọ̀ pé mo ní àyè kankan níbẹ̀.

Lọ́la, màá lọ sí búkà bí ebi ò tiẹ̀ pa mí, màá ra ẹja kan ṣoṣo, màá máa ṣa á jẹ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo wọn á fi dìde.