Ìṣẹ́jú Méjì Lórí Òkun

Agboolé Ọládòṣù,
Ẹdẹ.

Fàdìlàt ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ ni mo ń kí ọ láti ilé. A kí ọ kú òtútù, a kí ọ kú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àárẹ̀ àwọn tí ò ń tọ́jú ràn ọ́. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sí ọ̀nà Ara ti ta dáadáa, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí méjì.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. O ní láti Gilásígò tí o wà, wọ́n ń rán ọ lọ tọ́jú aláìsàn ní erékùṣù kékeré méjì lórí òkun, àti pé ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé ọ láti ọ̀kan dé èkejì, ìṣẹ́jú méjì péré ló ń lò. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in, torí àdúà ìrìn-àjò tí mo máa ń ṣe fún ọ, kí n tó dórí orúkọ rẹ, ìṣẹ́jú méjì ti lọ. Ó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ yìí, o ti ń balẹ̀ kí àdúà mi tó gbéra.

Mo lọ bá Nasrullah tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí Poli, mo ní kó bá mi wo bí pápákọ̀ òfurufú méjèèjì ṣe jìn síra. Ibi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ló ṣí, ẹ̀rọ náà sì kọ́kọ́ béèrè bóyá àlọ nìkan ni tàbí àlọ àti àbọ̀. Ó bí mi nínú díẹ̀, ta ló ń béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bímọ? Mo ní àlọ àti àbọ̀. Ó tún béèrè bóyá àgbà ni tàbí ọmọdé. Mo ní ọmọ mi ni, kó fi sí ọmọdé. Nasrullah wò mí, ṣùgbọ́n ó fi síbẹ̀. Ó wá ní kìlómítà mẹ́ta ò pé, ìṣẹ́jú méjì náà ni lóòótọ́.

Ọkàn mi ò gbà. Mo gun ọ̀kadà Teslim ará àdúgbò wa, mo ní kó wo mítà ẹ̀, kó gbé mi gba ọ̀nà Awo, kó dúró tó bá pé kìlómítà mẹ́ta. Bó ṣe ṣíná ni mo bẹ̀rẹ̀ àdúà. Nígbà tó dúró, mi ò tíì ṣe àmín, ó sì pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró tì mí jẹ́ẹ́ títí mo fi parí. Mo wẹ̀yìn, mo ṣì ń rí òpó fóònù tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ibẹ̀ ni ara ti tù mí, pé ibi tí ọmọ mi ń fò kò ju ibi tí ojú lè rí lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Nasrullah, mo ní kó wo láti erékùṣù yẹn dé Ẹdẹ. Ó ní Ẹdẹ ò ní pápákọ̀ òfurufú. Mo ní kó kọ agboolé wa síbẹ̀. Ó wá fọwọ́ ṣírò ẹ̀, ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta pẹ̀lú mọ́tò láti Èkó, ó ní ó lè tó ọjọ́ kan àbọ̀. Mo ní, “Ìyẹn dára. Àdúà mi á ká a.”

Nítorí náà, tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́. Kí o tó máa bọ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ká fi tún òrùlé yàrá rẹ ṣe. Báńkì ní àwọn ti ṣí áàpù kan fún mi, mo ní kí wọ́n tì í padà títí n ó fi débẹ̀ fúnra mi. Ìyá rẹ ni kí o fi owó náà ránṣẹ́ sí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú wa rí ọ. Láti ọjọ́ Ajé ni ìyá rẹ ti ń sá ẹní rẹ sóòrùn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e, títí kan èmi.

Èmi ni,
Sàídì, bàbá rẹ.