Tántálọ́ọ̀sì Ti Mumi

Rùkáyàt Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ní Ìpọ̀nrí? Ṣé iṣẹ́ fóònù títúnṣe ń lọ déédéé? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí oníbàárà rẹ ṣìnà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Gbogbo wa níhìn-ín ń yọ̀ bí ẹni tó jáwé olúborí, torí pé a jáwé olúborí lóòótọ́.

O rántí pé nígbà tí mo wá kí ọ, o tú fóònù kan, o fi nǹkan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì hàn mí, o ní Tántálọ́ọ̀sì inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì ni wọ́n fi sọ irin inú rẹ̀ lórúkọ, ọkùnrin tó dúró sínú omi tó mù ún dé ọrùn, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ láti mu, omi á sá. O ní irin kejì tó máa ń bá a gbé inú òkúta dúdú kan náà tí wọ́n ti ń wà wọ́n jáde, Níóbì ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi sọ ọ́. Àánú wọn ṣe mí. Bí mo ṣe délé, mo ki fóònù tèmi bọ omi tútù láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ọkùnrin náà lè mumi tẹ́rùn. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbà pé ó yó ni, ó sì sùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà.

Lóṣù tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Solomon wá láti Sùúrùlérè, ó fẹ́ wa òkúta dúdú tó wà lóko wa. Owó tó mú wá kò ju owó màlúù kan lọ, ṣùgbọ́n odò ti gbẹ, àwọn obìnrin ń rin máìlì mẹ́ta torí korobá omi kan, Baálẹ̀ sì ti mú bírò láti buwọ́ lùwé. Ni mo bá dìde, mo ní ta ni wọ́n ń ná nínú wọn, bàbá ni àbí ọmọ? Solomon ní bàbá wo? Mo ní Tántálọ́ọ̀sì, mo ní Níóbì ọmọ rẹ̀ wà nínú òkúta yẹn, a kì í ra bàbá ká gba ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Òógùn bo ọkùnrin náà. Ó ní ta ló sọ fún yín? Mo ní ọmọ mi ni, ní Ìpọ̀nrí. Ó ní ilé iṣẹ́ wo ló wà? Mo ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni, lábẹ́ agboòrùn pupa. Ó ní òun á sọ owó di ìlọ́po mẹ́ta. Mo ní ọ̀rọ̀ owó kọ́, òùngbẹ ń gbẹ bàbá yìí láti ayébáyé, ẹnikẹ́ni ò ní fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ yẹn àfi tí omi bá kọ́kọ́ débẹ̀. Solomon wo Baálẹ̀, ó ní háà, bàbá yìí le o, òun á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ.

Jímọ́ọ̀ tó kọjá ni omi tú jáde, ó ga ju òrùlé lọ! Àǹtí rẹ Ìdíátù, tó ní orí mi dàrú lọ́jọ́ tí mo ń fún fóònù lómi, òun ló kọ́kọ́ jó wọnú ẹrẹ̀. Wọ́n gbé mi sókè. Solomon ní láti Costain títí dé Muṣin, ẹnikẹ́ni ò tíì ná òun báyìí rí. Mi ò mọ ohun tó ń sọ, mi ò ná nǹkan kan.

Wọ́n bu igbá omi àkọ́kọ́ fún mi. Mi ò mu ún. Mo gbé e lọ sóko, mo dà á sórí òkúta dúdú náà. Omi ò sá, Rùkáyàt. Ilẹ̀ fà á mu, ó tán pátápátá.

Owó ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Baálẹ̀ di ẹ̀yìn Iléyá, nítorí náà jọ̀ọ́, fi owó epo ẹ̀rọ omi ránṣẹ́, pẹ̀lú fóònù mìíràn. Fún ẹni inú rẹ̀ lómi kí o tó dì í.

Omi tí ìwọ náà bá bẹ̀rẹ̀ láti mu láyé, kò ní sá fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkàngbé