Mo Ṣì Ń Kí Wọn Lọ́wọ́ Ni Wọ́n Ní Àkókò Mi Ti Pé

Àkọ́bí mi, adé orí mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ẹni tó ń gbé lókè yín tó máa ń wọ́ àga kiri ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ nílùú tí ọkọ̀ ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ara wa le níbí. Bàbá yín ní kí n kí ọ, wọ́n ní bàtà tí o fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti máa jókòó nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ìjọba ní àwọn fẹ́ tì í pa, pé àwọn tó ń bímọ níbẹ̀ kò pọ̀, kí gbogbo aboyún máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní òdìkejì odò. Bẹ́ẹ̀, oyún àbúrò rẹ ti wọ oṣù rẹ̀, ìwọ náà sì mọ afárá yẹn, bí òjò bá ti ṣú ló ti ń gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí débi pé oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. Nọ́ọ̀sì wa ló wá sọ pé ilé aṣòfin ní ọjọ́ tí ará ìlú lè wá sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó dìbò, ó ní ẹ̀tọ́ mi ni, ó wà nínú ìwé òfin. Mo ní ta ló kọ orúkọ mi sínú ìwé òfin láì bi mí. Ó ní gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Mo to ọ̀rọ̀ mi sẹ́nu, mo ń sọ ọ́ fún àwọn ewúrẹ́ láràárọ̀, kò sí ìkankan nínú wọn tó já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Télọ̀ tó ń ránṣọ ládùúgbò wa ló sìn mí lọ. Ilé náà mọ́ tónítóní, mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ ní kí n wọ̀ ọ́ padà. Ọ̀pá wúrà kan wà lórí tábìlì láàárín, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo rò pé àgbàlagbà kan ló gbàgbé rẹ̀, àánú ṣe mí, mo ń ro bó ṣe rìn délé. Télọ̀ ní ọ̀pá àṣẹ ni, bí kò bá sí níbẹ̀, ìpàdé ò lè bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó yé mi, ẹni tó ni ín ni wọ́n ń dúró dè.

Apá méjì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n ń jà. Bí ẹnì kan bá dìde, á ní irọ́ ni tọ̀ún ń pa, tọ̀ún á ní òun ò rí irú àìmọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti dìde láti là wọ́n, ẹ̀ṣọ́ ní kí n jókòó, pé iṣẹ́ wọn ni, apá kan ń ṣèjọba, apá kejì ń ṣọ́ ọwọ́ wọn kí wọ́n má bàa ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n sinmi, mo rí àwọn méjì tó jà jù, wọ́n jọ ń mu tíì inú fìlásíkì kan. Ká ní èmi àti bàbá yín mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀ jà ni, ilé wa ì bá tòrò jù báyìí lọ.

Nígbà tó kàn mí, wọ́n fi iná kékeré kan hàn mí, wọ́n ní tó bá ti pọ́n, kí n dákẹ́. Ọmọ mi, báwo lèèyàn ṣe ń wọ ilé onílé kó máa rojọ́ láì kí wọn? Mo bẹ̀rẹ̀ látorí olórí ilé. Mo ní ẹ kú ìjókòó, ẹ kú làálàá ìlú, ìyá yín ńkọ́? Mo ní èmi ni mo se omi gbóná lọ́jọ́ tí wọ́n bí olórí ilé náà nílé ìgbẹ̀bí wa, òjò ti gbé afárá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, orí rẹ̀ tóbi gan-an, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kó wúlò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kí obìnrin onígíláàsì kan tó ti ń sọ látàárọ̀ pé kí wọ́n tì í pa. Mo bi í léèrè àwọn ìbejì rẹ̀, tó bí sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì wa láìròtẹ́lẹ̀ nígbà tó wá kí ìyá àgbà rẹ̀. Ó ní wọ́n ti wọ ilé ìwé. Ó bọ́ gíláàsì, ó ń nù ún.

Mo wá rí ọkùnrin kan lẹ́yìn nínú àwọn aṣòfin náà, ará abúlé tó wà lókè odò, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ti ilé ìgbẹ̀bí tiwọn. Mo ní ẹ má bínú, n kò rí yín kí látìgbà tí ìyàwó yín ti kú sójú ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá, ẹ kú ìrọ́jú. Ó fi fìlà rẹ̀ bojú. Mo fẹ́ kí ẹni tó kàn, iná ti pọ́n, olórí ilé fi òòlù igi lu tábìlì, ó rọra ní, “Ìyá, àkókò yín ti pé.”

Ojú tì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò tíì jáde rárá. Mo jókòó, mo ń sunkún sínú ìborùn mi nítorí àbúrò rẹ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sókè, ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn ló kọ́kọ́ nà á. Mo rò pé wọ́n ń tọrọ ààyè láti jáde ni, bí ọmọ ilé ìwé. Ìta ni télọ̀ ti dì mọ́ mi, ó ní ìbò ni wọ́n dì, pé wọn ò ní ti ilé ìgbẹ̀bí wa mọ́. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa dá ẹjọ́ tí wọn ò tíì gbọ́? Nọ́ọ̀sì ṣáà ní ìwé òfin sọ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu èèyàn kí wọ́n tó dájọ́. Ìbò yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tú u wò, á rí i pé mo kàn kí wọn ni. Látìgbà tí mo ti délé rò ó fún bàbá yín ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ fún èmi àti télọ̀, kí n padà lọ sọ ọ̀rọ̀ mi. Má fi í sórí fóònù mi o, fóònù kékeré ni, fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Fi díẹ̀ kún un fún ọṣẹ àti aṣọ ọmọ, nítorí àbúrò rẹ bí lánàá, ilé ìgbẹ̀bí wa ló bí sí, obìnrin ni. Òjò ń rọ̀, afárá ò ṣeé gbà. Ìyá àti ọmọ, àlàáfíà ni wọ́n wà.

Mo ti kọ́gbọ́n ṣá. N kò ní kí wọn pẹ́ mọ́. Màá kàn ní ìyá ìkókó kí wọn, pé orí ọmọ náà kò tóbi, lẹ́yìn náà ni màá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ibi tí o bá ti lanu, wọn á gbọ́ ẹ. Iná kò ní pọ́n mọ́ ọ lẹ́nu. Wàá jèrè ọmọ, ọmọ náà á jèrè rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tíì sọ̀rọ̀.