Àmín tí Mo Fi Ránṣẹ́ Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Màámi,

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Ara mi le. Iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ń lọ dáadáa, ẹ má dààmú.

Àràárọ̀ lẹ ń fi ohùn yín ránṣẹ́ sórí fóònù mi, gbólóhùn Bíbélì kan péré tí màá dì mú títí iṣẹ́ á fi parí. Màámi, ó ti pẹ́ tí mi ò ṣí wọn gbọ́ mọ́. Bó bá ti wọlé, màá tẹ "Àmín, ìyá mi," màá sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù.

Àná ni mo tó gbọ́ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ní: "Ọmọ mi, mo ṣubú nílé ìwẹ̀. Télọ̀ ojúlé kejì ló gbé mi dìde. Pè mí bó o bá ráyè."

Mo sì ti ṣe Àmín.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ò bá mi wí. Ẹ ní, "Olúwa ni olùpamọ́ rẹ." Mo ṣe Àmín sí ìyẹn náà láìgbọ́.

Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi tíì pè. Ẹ bá mi kí télọ̀ náà. Tó bá bi yín pé kí ni mo sọ lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo àṣírí.

Ọmọ yín ni.